Nígbà Tí Fọ́tò Olóògbé Bá Di Aláwọ̀ Ewé

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹ bá gbé fọ́tò dúdú-òun-funfun ti bàbá yín tó ti lọ fún àwọn tí ń fi ẹ̀rọ oníyíǹkì tẹ̀ ẹ́, ẹ má kánjú sanwó. Ẹ̀rọ náà a máa po búlúù, pupa àti yẹ́lò pọ̀ kó tó rí àwọ̀ eérú. Bí wọn kò bá dọ́gba, ojú bàbá á ṣe bí ewé! Kí atẹ̀wé fi pupa díẹ̀ kún un nínú kọ̀ǹpútà, tàbí kí ó lo yíǹkì dúdú nìkan. Èyí lè rí wínníwínní lójú, ṣùgbọ́n òun ni mo fara mọ́. Kí ó kọ́kọ́ tẹ kékeré. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ sì wò ó níta lọ́sàn-án, nítorí iná ṣọ́ọ̀bù a máa tan ojú jẹ.