Orúkọ Tí Ó Ń Tajà, Orúkọ Tí Ó Ń Gba Ẹ̀mí Là

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Àwọn tí ó ṣe oògùn eyín híhù kan fún ọmọdé ní Èkó mọ èyí dáadáa: My Pikin ni wọ́n pè é, ní èdè tí ìyá ọlọ́mọ ń gbọ́ kíákíá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, àjọ NAFDAC kìlọ̀ nípa oògùn náà, ó sì ní kí wọ́n gbà á padà. Wọ́n ti ta diethylene glycol, májèlé tí í ba kíndìnrín jẹ́, lábẹ́ orúkọ propylene glycol, èròjà tí ó jọ ọ́ lójú. Ọmọ tí ó kú ju 80 lọ. Irú rẹ̀ ti pa ọmọ 47 ní Jos ní 1990.

Àṣìṣe orúkọ náà ti ṣẹlẹ̀ kí oògùn tó dé inú ìgò, nítorí náà kíka ara ìgò nìkan kò lè gba ẹnikẹ́ni. Ìkéde nìkan ni ó kù. Ìyá tí ó ń tajà ní Ọjà-Ọba ní Ìlọrin lè gbọ́ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ lórí rédíò, kí ó má sì mọ̀ bóyá ìgò tirẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n ń wí.

Àwọn kan fẹ́ràn “ìpèpadà”. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n tú bẹ́ẹ̀. Ní Yorùbá, ohun tí ó lè jẹ́ ìpè ni à ń pè. “Kíkó kúrò lọ́jà” sàn jù, ṣùgbọ́n ìgò tí ó ti wà lórí pẹpẹ nínú yàrá kò sí lọ́jà mọ́. “Ìgbàpadà” ni ó kan ẹni tí ó tà àti ẹni tí ó rà.

Wọ́n tún ń wí pé nọ́ḿbà ara ìgò kò ní èdè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí nọ́ḿbà náà dúró fún ní èdè. Bí ọbẹ̀ ìkòkò kan bá bàjẹ́, gbogbo àwo tí wọ́n bù nínú rẹ̀ ti bàjẹ́. Ti ìkòkò kejì lè dára. “Nọ́ḿbà ìsè” yóò yé ẹnikẹ́ni tí ó ti dáná rí.

Kí ilé ìwòsàn, ilé rédíò àti àwọn olùkọ́ fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ méjì yìí nísinsìnyí tí ara rọ̀. Ọjọ́ tí májèlé bá tún wọ ìgò kì í ṣe ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá orúkọ.