Kí A Tó Bú Iná LED, Ẹ Jẹ́ Ká Ka Ara Rẹ̀

1/ Tí iná LED ńlá ilé iṣẹ́ bá ti jó ní Asese yìí, ọ̀rọ̀ méjì lẹ máa gbọ́: "Ọjà Ṣáínà ni" àbí "NEPA ló bà á jẹ́." Lójú tèmi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ẹni tó rà á: ṣé ó ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára?

2/ Ẹ wo ṣájà fóònù yín. Wọ́n kọ 100–240V sí i. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣiṣẹ́ ní Mowe, tó tún ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà. LED ńlá náà ní tiẹ̀: driver ni wọ́n ń pè é.

3/ Iná tiwa, féésì kan pẹ̀lú neutral, 230V ni. Féésì sí féésì, ó tó 400V. Driver 100–277V bá 230V wa mu. Èyí tó jẹ́ 120V nìkan máa jó. 347–480V? Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n ń lo ìyẹn. Tí tòkunbọ̀ rẹ̀ bá dé ọ̀dọ̀ wa, 230V ò lè tàn án bó ṣe yẹ.

4/ Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹlòmíì á ní, "Ẹ fún un ní féésì méjì." Á tàn lóòótọ́! Àmọ́ tí súìṣì bá ń gé wáyà kan ṣoṣo, ẹ pa iná tán o, wáyà kejì ṣì ń gbé iná. Ọmọ ọlọ́mọ á gun àkàsọ̀, á rò pé iná ti kú.

5/ Tí neutral bá sì já nílé iṣẹ́ onífẹ́ésì mẹ́ta, iná tó ń lo 230V lè gba nǹkan tó súnmọ́ 400V. LED gidi náà á jó.

6/ Mi ò dá oníṣẹ́ iná nìkan lẹ́bi. Ọ̀gá tó ná owó iṣẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ títí, tó tún ní "ṣe é kíákíá", jẹ̀bi jù ú lọ. Ẹ̀rọ tó ń gé irin ò mọ̀ pé òkùnkùn ṣú. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló máa gé.

7/ Nítorí náà: ẹ ya fọ́tò ara driver kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ iná fi mítà wọn iná lọ́sàn-án àti lálẹ́. Tó bá jẹ́ féésì méjì, súìṣì tó ń gé méjèèjì ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ bi í bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA. Owó mítà ò tó owó ìsìnkú.