Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló ń ru, iṣan ló ń fún

Orúkọ tí a sọ àìsàn yìí gan-an ló ń tàn wá jẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ẹ̀jẹ̀ ń hó bí ẹ̀kọ lórí iná, pé àwọn oníbìínú ló ń ṣe, pé ẹni tó bá ní in á mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ní Òṣogbo fi ń sọ pé "ara mi le jàre", tí wọ́n á sì yẹra fún ẹ̀rọ BP bí ẹni tó rí agbowó-orí.

Òfin ni mo kà, n kò ka ìṣègùn, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kò le rárá. Ẹ wo ráńdàbáòtù Òkè-Fìà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹni tó ń darí ọkọ̀ á dá ọ̀nà kan dúró, á ṣí òmíràn. Bí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké ṣe ń ṣe nìyẹn, torí ẹran inú ògiri wọn lè fún, ó sì lè dẹ̀. Tí ẹ bá sáré lé kórópe, àwọn tó lọ sí ẹsẹ̀ á ṣí, àwọn tó lọ sí ikùn á fún. Tí ẹ bá jẹun tán, ó di ti ikùn. Tí ẹ bá dìde lójijì, àwọn ti ìsàlẹ̀ á fún kíá kí òyì má baà kọ́ yín. Awọ inú iṣan tún máa ń tú afẹ́fẹ́ kan jáde, nitric oxide, tó ń dẹ̀ ẹ́. Furchgott, Ignarro àti Murad gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní 1998.

Ibi tí wàhálà wà rèé: tí fífẹ̀ iṣan bá dínkù sí ìdajì, ìdíwọ́ tó wà níwájú ẹ̀jẹ̀ kì í di ìlọ́po 2, ìlọ́po 16 ló ń dà. Ọkàn á wá máa fi tipátipá ti ẹ̀jẹ̀ gba ojú tóóró, tọ̀sán-tòru. Iṣan á nípọn, á gan, kò ní lè ṣí dáadáa mọ́. Kò ní dun èèyàn. Ẹlòmíì, ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ dé tàbí tí kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀ ló tó mọ̀.

Àwọn kan á ní ó wà nínú ìran aláwọ̀ dúdú. N kò gbà. Ìwádìí tí Richard Cooper, Charles Rotimi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé jáde ní 1997 wo àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà: nǹkan bí 16 nínú 100 ló ní in ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Karíbíánì, 33 ní Amẹ́ríkà. Orírun kan náà, ibùgbé àti oúnjẹ ló yàtọ̀. (Tí bàbá tàbí ìyá yín bá ní in, ẹ tètè yẹ ara yín wò ṣá.) Àjọ WHO ní kí iyọ̀ ojúmọ́ má tó gíráàmù 5, kò ju ṣíbí tíì kan lọ. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí ìndómì yín wò.

Ṣùgbọ́n n kò ní di gbogbo ẹrù lé orí ẹni tó ń jẹ ìndómì. Òkè-Fìà yìí náà ni ilé gómìnà wà. Abala 11 òfin ìlera orílẹ̀-èdè ti 2014 ní kí owó ìlera alábọ́dé má dín ní ìdá 1 nínú 100 owó tó ń wọlé fún ìjọba àpapọ̀. Ìbéèrè tèmi fún ìjọba ìpínlẹ̀ àti káńsù ni pé: ilé ìwòsàn àdúgbò mélòó ló ní ẹ̀rọ BP tó ń ṣiṣẹ́, tí bátìrì wà nínú rẹ̀, tí oògùn rẹ̀ náà wà nílẹ̀? Kò dìgbà tí èèyàn bá wí pé ara òun ò yá. Ìyá tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ wọn tiẹ̀ náà. Ọlọ́kadà tó wá wẹ egbò, ẹ wọn tiẹ̀. Tó bá tó 140 lórí 90, ẹ má jẹ́ kó kúrò níbẹ̀ láìfún un ní ọjọ́ tó máa padà wá kí ẹ tún un wọ̀n.