Owó-Orí Ilé Ìbàdàn: Ta Ni Yóò Gbà Á?

Ní ọdún 2025, nígbà tí ìròyìn òfin owó-orí tuntun ti Nàìjíríà kàn dé Ìlú Ọba, ìdààmú bá ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa tí ń gbé ibẹ̀. A gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé ìjọba fẹ́ máa bù nínú owó tí àwọn ń fi ránṣẹ́ sí òbí. Àhesọ ni. Owó tí ọmọ bá fi òógùn ojú rẹ̀ rí ní Manchester, tí ó sì fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún náà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 2026, kò fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n ariwo yìí ni kò jẹ́ kí a gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó jẹ́ òtítọ́. Ká ní ọmọ kan náà kọ́ ilé mẹ́rin sí Ìbàdàn, tí ayálégbé kún inú wọn, tí àbúrò rẹ̀ sì ń bá a gba owó ilé. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni owó yẹn ti wá. Nàìjíríà ni ó sì kọ́kọ́ ní ẹ̀tọ́ láti gba owó-orí lórí rẹ̀, níbikíbi tí onílé ìbáà máa gbé. Mélòó nínú wọn ni ó ń san án? Ẹ̀yin olùkọ́, tí a ti ń yọ owó-orí yín kí owó oṣù tó tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ lè dáhùn fúnra yín.

Èyí tí ó yẹ kí ó dùn wá jù nìyí. Ìlú Ọba a máa gba owó-orí lórí gbogbo ohun tí ń wọlé fún ẹni tí ń gbé ibẹ̀, títí kan owó ilé Ìbàdàn. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹni tí kò ka ibẹ̀ sí ìlú baba rẹ̀ lè fi owó òkèèrè rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó wà, kí wọ́n má bi í léèrè. Ọjọ́ 6 oṣù kẹrin ọdún 2025 ni wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìkan ni ó lè béèrè fún ìdásílẹ̀ ọdún mẹ́rin. Àwa tí a ti gbé ibẹ̀ rí lẹ́nu ẹ̀kọ́ mọ̀ pé ìwé agbowó-orí wọn kì í rẹ̀ ẹ́.

Ní ọdún 1987, orílẹ̀-èdè méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn kí a má baà gba owó-orí lẹ́ẹ̀mejì lórí owó kan: iye tí Nàìjíríà bá ti gbà, Ìlú Ọba yóò yọ ọ́ kúrò nínú tirẹ̀. Ká ní ti Ìlú Ọba jẹ́ 40 nínú 100, tí onílé sì ti san 15 ní Ìbàdàn, 25 ni Lọ́ńdọ̀nù yóò gbà. Bí kò bá san kọ́bọ̀ ní Ìbàdàn, Lọ́ńdọ̀nù yóò gba 40 náà pátá. Ẹni tí ó rò pé òun rẹ́ Nàìjíríà jẹ kò jèrè ohunkóhun; ẹ̀tọ́ ilé baba rẹ̀ ni ó gbé lọ fún ilé ìṣúra ọba aláwọ̀ funfun. Ṣé nítorí èyí ni a ṣe gba òmìnira? Bí ó bá sì fẹ́ fi pamọ́ fún àwọn méjèèjì, kí ó rántí pé ìjọba méjèèjì ti ń sọ ọ̀rọ̀ àpamọ́ báńkì fún ara wọn.

Àwọn ará wa ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n ní àwọn kò lè dìbò láti òkè òkun, àwọn ni ó sì ń gbẹ́ kànga, tí ń ra ẹ̀rọ amúnáwá fún ilé náà. Ẹjọ́ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú ní ọdún 1947 náà kò bínú sí owó-orí nìkan. Wọ́n ń san án láìní ẹnu nínú ìgbìmọ̀. A fara mọ́ ọn kí a fún àwọn ará òkè òkun ní ìbò. Síbẹ̀, ọ̀nà Ìbàdàn ni ayálégbé wọn ń rìn, ilé-ẹ̀kọ́ Ìbàdàn ni ọmọ rẹ̀ ń lọ.

Àwọn agbowó-orí náà kò gbọdọ̀ káwọ́ gbera. Kí wọ́n ṣe ìwé tí ó yé ènìyàn, tí àbúrò lè bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ, kí wọ́n sì fún un ní rìsíìtì gidi. Rìsíìtì yẹn ni onílé yóò fi han àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù. Bí kò bá sí i, wọn kò ní í yọ kọ́bọ̀ fún un.