Ọjà Tẹjúoṣó: ta ni wọ́n kọ́ ọ fún?

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 2007 ni iná jó ọjà Tẹjúoṣó ní Yábàá. Ó di oṣù Kẹjọ ọdún 2014 kí Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá tó ṣí ọjà tuntun tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ náà. Ilé alájà púpọ̀ ni, ó wu ojú í wò, ó sì ní ibi tí ọlọ́kọ̀ lè gbé ọkọ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló kí ìjọba kú iṣẹ́. Ìbéèrè tí wọn kò béèrè ni pé, nínú àwọn tí iná lé kúrò lórí ilẹ̀ yìí, mélòó ló rí ìsọ̀ gbà nínú ilé tuntun?

Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ló fa ọ̀ràn. Ìjọba ìpínlẹ̀ fi ilẹ̀ sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ aládàáni gba iṣẹ́ náà, ó yá owó ní báńkì, ó sì gbọ́dọ̀ rí owó rẹ̀ gbà padà pẹ̀lú èrè. Ara ṣọ́ọ̀bù ni owó náà yóò ti jáde. Bí iye ṣọ́ọ̀bù kan ṣe di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà nìyẹn. Ìyá tó ń ta aṣọ òkìríkà, tó ń tú bélì láàárọ̀ láìmọ iye tí òun yóò mú relé lálẹ́, níbo ni yóò ti rí mílíọ̀nù? Àwọn oníṣòwò àtijọ́ pariwo, wọ́n ní owó náà ju agbára àwọn lọ. Ọdún ń gorí ọdún lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọjà náà, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó wà ní àjà òkè ṣófo. Ìsàlẹ̀ ńkọ́? Ọjà ń hó yèè lójú títì, ó ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin.

Ìjọba kan náà ló tún ń rán àwọn òṣìṣẹ́ KAI sí wọn. Láti ọdún 2003 tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ náà sílẹ̀ ni àwọn ará Èkó ti mọ ohun tí ariwo "KAI ń bọ̀" ń fà: obìnrin a pọn ọmọ, a gbé igbá karí, a fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Wọ́n ti yí orúkọ ẹ̀ṣọ́ náà padà, ṣùgbọ́n eré sísá kò yí padà. Ẹni tí owó ṣọ́ọ̀bù lé kúrò nínú ọjà ni wọ́n tún ń mú bí arúfin nítorí pé ó jókòó síta. Òótọ́ ni pé títajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin léwu, pàápàá láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń kó èrò gba Muṣin àti Yábàá kọjá. Kò sí ẹni tó ka ẹ̀mí èèyàn sí tí yóò ní kí wọ́n máa tẹ́ àtẹ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n dìde gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọn yóò jókòó sí.

Àwọn agbèjà ìjọba a máa sọ pé ìjọba kò lówó, pé bí kì í bá ṣe ti aládàáni, ilẹ̀ náà ì bá ṣì jẹ́ eérú. Ó dára. Ṣé ilẹ̀ kì í ṣe owó ni? Ní Yábàá, níbi tí ọkọ̀ Ojúẹlẹ́gba àti ti Oyíngbò ti ń pàdé! Ẹni tó mú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ wá lè sọ pé kí gbogbo àjà ìsàlẹ̀ jẹ́ ìsọ̀ kéékèèké àti pèpéle fún àwọn àtijọ́, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí àjà òkè sì jẹ́ ti olówó. Àwọn tó ń dá àjọ láìjẹ ara wọn níyà, tó ń san owó tíkẹ́ẹ̀tì fún kánsù lójoojúmọ́, kì í ṣe ajẹgbèsè. Àti pé, ta ni yóò gun àjà kẹta nítorí ata rodo?

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Sùúrùlérè fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí i. Láti nǹkan bí ọdún 1955 ni àjọ LEDB, tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928, ti ń wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà mọ́, ó sì nífẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣèwádìí láàárín wọn, tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961, ohun tó kọ síbẹ̀ ni ẹkún: obìnrin tó ti ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ pàdánù oníbàárà, ẹbí túká, owó ilé sì wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù Kìíní ọdún 2016, katakata wó ọjà Owónifáàrí ní Oṣòdì, wọ́n sì ní kí àwọn oníṣòwò kó lọ sí Ìsọ̀pakodówó. Àwọn oníṣòwò ní àkókò tí wọ́n fún àwọn kéré jù.

Ta ló yẹ kó dá ẹjọ́ ọjà? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 kò fi í pamọ́: ìdásílẹ̀, àbójútó àti ìṣàkóso ọjà, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni, pẹ̀lú ibùdókọ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá kan ọjà ńlá l'Ékòó, ìjọba ìpínlẹ̀ ni í yan kọ́lékọ́lé, ohun tó kù fún kánsù kò ju kí ó já tíkẹ́ẹ̀tì lọ. Àwọn alága a máa ṣàwáwí pé owó àwọn kò dé ọwọ́ àwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ẹgbẹ́ APC gba ipò alága kánsù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó wà ní Èkó pátápátá. Kò wá sí alátakò tí wọn yóò di ẹ̀bi rù.

Nítorí náà, kí katakata tó tún wọ ọjà kankan ní Yábàá, ní Muṣin tàbí ní Sùúrùlérè, kí kánsù kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ń tajà níbẹ̀, tolówó ìsọ̀ tàtẹ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níta. Kí wọ́n fi iye owó ìsọ̀ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n sì kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ ojú irin Yábàá, níbi tí àwọn tí Tẹjúoṣó gbàgbé jókòó sí.