Iṣẹ́ abẹ ọkàn: Kí ará Sango-Ota tó ra oògùn "antioxidant" fún aláìsàn tó ń gbádùn bọ̀

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ láti Sango lọ sí Abẹ́òkúta mọ ohùn àwọn olóògùn inú ọkọ̀ dáadáa. Wọ́n á kí èrò, wọ́n á gbàdúrà fún dẹ́rẹ́bà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á na ike oògùn sókè. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń tajà ni "antioxidant": pé ó ń fọ ẹ̀jẹ̀, ó ń tún ọkàn ṣe, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ á sì dìde kíákíá.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré, torí iṣẹ́ abẹ ọkàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lọ ṣe ní Íńdíà nìkan. Ọdún 1974 ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ ní ilé ìwòsàn UNTH ní Enugu. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn níbí, wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Babcock, Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà ló ń ná ni, àpò ẹbí ló sì sábà máa ń ti jáde. Nígbà tí aláìsàn bá fi máa délé, gbèsè ti wà nílẹ̀, ojú sì ń kán gbogbo ilé kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ibẹ̀ ni olóògùn ti ń rí wọn mú.

Níbo ni ọ̀rọ̀ náà ti wá?

Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ irin ní Ọ̀tà mọ̀ pé irin tí omi àti atẹ́gùn bá ń bá jà máa dípẹtà. Ohun tó jọ ọ́ ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí ara ṣe ń lo atẹ́gùn, ìdọ̀tí kan ń jáde tó lè bà á jẹ́. Antioxidant, bíi fítámì C àti E, ló ń pa ìdọ̀tí náà. Bí wọ́n bá dá ọkàn dúró fún iṣẹ́ abẹ, tí ẹ̀jẹ̀ sì tún padà wọ inú rẹ̀, ìdọ̀tí yìí máa ń pọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ fúnra wọn ló kọ́kọ́ rò pé oògùn náà yẹ kó ṣiṣẹ́.

Kí ni àyẹ̀wò fi hàn?

Ní Bìrìtìkó, wọ́n fún àwọn kan lára ènìyàn tó lé ní 20,000, tí àìsàn ọkàn tàbí irú ewu bẹ́ẹ̀ wà lára wọn, ní fítámì C, E àti beta-carotene fún ọdún 5. Àwọn yòókù gba kóró oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Èsì jáde ní 2002: kò sí ìyàtọ̀. Ní 2023, èsì tún jáde láti Jámánì àti Kánádà lórí nǹkan bí 1,400 aláìsàn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn. Selenium tí wọ́n fà sí wọn lára kò mú kí ara wọn yá ju ti àwọn yòókù lọ. Ti fítámì C, àwọn àyẹ̀wò kéékèèké kan ní ó lè dín lílù ségesège ọkàn kù lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni wọ́n ti lò ó, kì í ṣe inú ọkọ̀.

Ibi tí ewu wà

Ẹni tí wọ́n fi fáàfù onírin sí lọ́kàn gbọ́dọ̀ máa lo warfarin títí ayé, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sára fáàfù náà. Fítámì E tó pọ̀ àti kápúsù aáyù lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà. Lọ́wọ́ kejì, ìyẹ̀fun ewé tútù ní fítámì K, èyí tó ń dín agbára warfarin kù. Ẹ̀jẹ̀ lè dì, kó sì di àrùn rọpárọsẹ̀. Nọ́mbà NAFDAC lára ike kò sọ pé oògùn náà ń wo ọkàn sàn. Lára ọ̀pọ̀ irú oògùn ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n sọ wò.

Kí ni kí ẹbí ṣe?

Owó ike oògùn yẹn, owó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ INR àti owó ọkọ̀ lọ rí dókítà ló yẹ kó jẹ́. Ọsàn, tòmátì àti ẹ̀fọ́ ní antioxidant nínú. Kí ẹni tó ń lo warfarin má ṣe sá fún ẹ̀fọ́ o, kó kàn jẹ́ kí ìwọ̀n tó ń jẹ wà bákan náà. Gbogbo oògùn tó wà nílé, títí kan àgbo, kí wọ́n kó o lọ han dókítà. Bí eyín bá ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ dúdú, tàbí tí apá kan ara rọ lójijì, kí wọ́n gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.