Kí áàpù tó dé Arámọkọ: ta ló máa ni iṣẹ́ ọlọ́kadà?

Ẹni tó bá jókòó sí Ìkòrò-Èkìtì tó ń retí kí Glovo tàbí Chowdeck gbé ìrẹsì wá bá òun, ebi ló máa sùn. Àwọn áàpù tá a máa ń tẹ̀ l'Ékòó àti n'Íbàdàn ò tíì rí nǹkan kan wá ṣe níbẹ̀. Síbẹ̀, ẹrù ń rìn ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì lójoojúmọ́. Ẹni tó ń ta bàtà l'Ádó-Èkìtì á lọ sí páàkì, á fa ẹrù lé awakọ̀ lọ́wọ́, ohun tí gbogbo wa mọ̀ sí wéébìlì. Awakọ̀ á já a sílẹ̀ n'Íjerò, ọlọ́kadà á gbé e dé Ìkòrò, oníbàárà á sì sanwó fún un lẹ́nu ọ̀nà. Nọ́ńbà fóònù àti "mo mọ ilé wọn" ló ń ṣe iṣẹ́ tí áàpù ń ṣe níbòmíì.

Iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ nìyẹn. Ibi tí owó rẹ̀ ń gbà lọ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ló jẹ́ pé ọ̀kadà ẹlòmíì ni wọ́n ń gùn: wọ́n á gbé owó fún ọ̀gá lálaalẹ́, tàbí kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ títí tí ọ̀kadà fi máa di tiwọn, tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Láàárọ̀, wọ́n tún máa ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́. Ẹ béèrè ohun tí owó tíkẹ́ẹ̀tì ń ṣe ní páàkì kẹ́ ẹ wá gbọ́ ẹ̀rín.

Kí ló dé tó fi yẹ ká sọ ọ́ báyìí? Torí pé a ti rí bó ṣe ń rí níbi tí áàpù ti dé. Nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ọlọ́kadà Arámọkọ lè sọ fún èrò pé "owó ti lé o", kí wọ́n dúnàádúrà. Awakọ̀ Uber àti Bolt ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, áàpù ló ń dá iye. AUATON, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, ní láti gùn lé ìyanṣẹ́lódì ní oṣù Kẹfà lórí owó ọkọ̀ àti iye tí áàpù ń yọ. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2023 kan náà, Bolt Food àti Jumia Food palẹ̀ mọ́ ní Nàìjíríà láàárín oṣù kan ṣoṣo. Ìràwọ̀ márùn-ún tí oníbàárà fún àwọn tó ń gbé oúnjẹ kiri, ibo ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ?

Irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní Yúróòpù ṣáájú. Ní oṣù Keje ọdún 2016, Take Eat Easy, iléeṣẹ́ agbóúnjẹ kan ní Belgium, dédé kógbá sílé láìsan owó iṣẹ́. Ní Belgium, àwọn tó ń gba iṣẹ́ wọn nípasẹ̀ SMart, tó ti di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù báyìí, rí owó wọn gbà, torí pé SMart san án látinú àpò tí wọ́n ti ń dá sí. Ní Faransé, ọ̀pọ̀ pàdánù tiwọn. Ibẹ̀ ni CoopCycle ti jáde: wọ́n kọ áàpù fún àwọn agbẹ́rù, wọ́n sì fi sínú àdéhùn pé tẹ́ni kan bá fẹ́ fi í pawó, àfi kó jẹ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ẹ má jẹ́ kó dà bí nǹkan òyìnbó létí yín o. Kòkó ló kọ́ àwọn bàbá wa ní alájẹṣẹ́kù. Àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ máa ń yá a lówó kó tó kórè, wọ́n á wá fi gbèsè yẹn dá iye fún un. Òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935, wọ́n forúkọ ẹgbẹ́ Gbẹ́dun sílẹ̀ nítòsí Ìbàdàn ní 1937, nígbà tó sì di 1953, àwọn alájẹṣẹ́kù ti ní báǹkì tiwọn. (Báǹkì yẹn náà wọ inú Skye ní 2006, Skye fúnra rẹ̀ ò sì sí mọ́. Alájẹṣẹ́kù kì í ṣe ajẹ́bíidán.)

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Tí ọlọ́kadà 30 bá ń dá ₦500 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, ₦90,000 nìyẹn lọ́sẹ̀ kan. Lọ́dún kan, ó ti lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin àbọ̀. Ọ̀kadà tí owó yẹn máa rà ju ẹyọ kan lọ. Fi fóònù kan kún un ní páàkì, ẹni kan tó ń dáhùn rẹ̀, àti pátákó tí wọ́n kọ iye Ìjerò sí Ìkòrò àti Arámọkọ sí Ẹ̀fọ̀n sí. Áàpù lè dé lẹ́yìn ìyẹn.

Iṣẹ́ wéébìlì nìkan ò lè bọ́ ọlọ́kadà ní ìlú kékeré, òótọ́ ni. Òun gan-an ni ò jẹ́ kí àwọn áàpù wá. Olówó tó dá owó sí áàpù ń retí kó di ńlá kíá. Ẹgbẹ́ ọlọ́kadà ò jẹ ẹnikẹ́ni nírú ìlérí bẹ́ẹ̀: wọ́n lè gbé èrò láàárọ̀, gbé iṣu lọ́sàn-án, gbé wéébìlì nírọ̀lẹ́.

Ẹ̀rù tó ń bà mí ni ti alága. Tó bá jẹ́ ẹni tó ń tẹ tíkẹ́ẹ̀tì náà ló máa di àpò owó mú, a ò tíì ṣe nǹkan kan. Èyí ni mo ṣe fara mọ́ kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin alájẹṣẹ́kù, kó má kàn jẹ́ ẹgbẹ́ ọlọ́kadà lásán, torí òfin yẹn ní kí wọ́n yẹ ìwé owó wò lọ́dọọdún. Lẹ́yìn alága, ó ku àwọn tó ni ọ̀kadà, tí wọ́n jókòó sílé tí owó ń wọlé fún wọn lálaalẹ́. Wọn ò ní fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Gbèsè tí ọmọ ẹgbẹ́ jẹ wọ́n ló yẹ kí alájẹṣẹ́kù kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ rà padà, kó tó ra ọ̀kadà tuntun kankan.